Bí Àgbà Bá Ṣubú, Á Wo Ẹ̀yìn: Ìtàn Àbùlẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Aránṣọ ni màmá mi, òun náà sì ni akọ̀wé owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa. Láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni ó ti pa ìwé ńlá tó ń kọ owó sí tì, tó ń kọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá dá sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan tí a rà. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa pín owó ku ọjọ́ mẹ́ta péré, kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò jí mọ́. Bí a bá tàn án, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á yọ, òbìrí kékeré funfun á máa pòyì, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sídeè yẹn. Mò ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì ń yọ lójú rẹ̀ léraléra pé ó yẹ kí a ṣe ìmúdójúìwọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní update. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí màmá mi ti ń sún un síwájú. Mo gbà fún un kí ó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Nígbà tí iṣẹ́ náà dé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ojú kán mi. Mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi kú. Mo pa á dé, mo sì lọ sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé e lọ sọ́dọ̀ Ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó béèrè ni pé, “Mọ̀mí, kí ni ẹ ṣe sí i kẹ́yìn?” Màmá mi ní òun kò ṣe nǹkan kan. Ẹnjiníà wo ojú mi. Èmi náà ní n kò mọ nǹkan kan. Ó mi orí, ó ní bí kò bá sí ẹni tó mọ ohun tó fà á, ọ̀nà tó yá jù ni kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí òun sì fi ètò tuntun sí i.

“Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kẹ̀?” ni màmá mi wí. “Àkọsílẹ̀ owó èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀.” Ó gba kọ̀ǹpútà rẹ̀, a sì padà sílé láìsọ̀rọ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àwọn kan lè rò pé ogun Kírìjì tàbí ìtàn àwọn ọba nìkan ni a ń pè ní ìtàn. Èmi gbà pé kọ̀ǹpútà tó dákú náà ní ìtàn tirẹ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ òpìtàn: kí ló ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló yí padà ṣáájú rẹ̀, ta ló sì wà níbẹ̀? Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ibi tí ìmúdójúìwọ̀n ti wá, ìdí tó fi máa ń tún nǹkan ṣe nígbà kan tó sì máa ń bà á jẹ́ nígbà mìíràn, àti bí kọ̀ǹpútà màmá mi ṣe padà jí.

Ọ̀rọ̀ àbùlẹ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní ilé wa, àbùlẹ̀ kò ṣàjèjì. Bí aṣọ bá lu, màmá mi á gé àjákù aṣọ tó bá a mu, á sì fi bo ojú ihò náà. Patch ni àwọn Òyìnbó ń pe àbùlẹ̀, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sì ń pe àtúnṣe tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe àfiwé lásán. Ní 1944, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tí ilé-iṣẹ́ IBM kọ́, tí wọ́n pè ní Mark I. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 51. Orí tẹ́ẹ̀pù bébà gígùn tí wọ́n lu níhò ni àṣẹ tí ẹ̀rọ náà máa tẹ̀ lé wà. Bí ihò kan bá bọ́ síbi tí kò yẹ, wọn kì í da gbogbo tẹ́ẹ̀pù náà nù. Wọ́n á lẹ bébà kékeré mọ́ ojú ihò náà. Àbùlẹ̀ gidi ni, irú èyí tí ọwọ́ lè tẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 1947, ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e, Mark II, ṣe àìsàn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tú u wò, wọ́n bá àfòpiná kan tó há sínú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ aago tí wọ́n rí i àti apá ibi tó wà nínú ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa rí kòkòrò gidi, nítorí pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń pe àṣìṣe inú ẹ̀rọ ní kòkòrò tipẹ́. Thomas Edison lo ọ̀rọ̀ náà nínú lẹ́tà kan ní 1878. Grace Hopper, obìnrin onímọ̀ ìṣirò tó wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló sọ ìtàn náà káàkiri títí ó fi di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ìwé náà àti àfòpiná inú rẹ̀ ṣì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé wọn kò yọ kòkòrò náà kí wọ́n sì gbàgbé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí àwọn ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń tóbi sí i, àbùlẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìṣòro tuntun sì yọjú. Frederick Brooks, ẹni tó darí iṣẹ́ lórí ètò ìṣiṣẹ́ kan tí IBM pè ní OS/360, ṣe ìwé kan jáde ní 1975 tó ń jẹ́ The Mythical Man-Month. Lára ohun tó ṣàlàyé níbẹ̀ ni pé bí a bá tún àṣìṣe kan ṣe nínú ètò, ó ṣeé ṣe, láti ìdá 20 títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àtúnṣe náà dá àṣìṣe mìíràn sílẹ̀. Aránṣọ á lóye ọ̀rọ̀ yìí kíá. Bí àbùlẹ̀ bá nípọn ju aṣọ lọ, ẹ̀gbẹ́ àbùlẹ̀ náà ni aṣọ á ti tún ya.

Kí ni ètò ìṣiṣẹ́ yìí gan-an? Òun ni ètò àgbà tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ni Windows. Ṣùgbọ́n òun náà kò lè jí fúnra rẹ̀. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, ètò kékeré kan tí wọ́n kọ mọ́ inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jí, tó máa yẹ ara ẹ̀rọ wò. Ètò kékeré yìí á pe ètò mìíràn láti inú háàdì dísìkì, ìyẹn á jí ọkàn ètò ìṣiṣẹ́. Ọkàn yìí á wá pe àwọn dráífà, ìyẹn àwọn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn wọn ni gbogbo ètò tí a ti fún ní àyè láti máa jí fúnra wọn á tó tú jáde. Ó dà bí ilé kan tí ìyá àgbà ti kọ́kọ́ jí, tó jí ìyàwó ilé, tí ìyàwó ilé jí àwọn ọmọ. Bí ẹnì kan láàárín wọn kò bá dìde, àwọn tó kù á máa sùn lọ. Ìmúdójúìwọ̀n sì sábà máa ń fọwọ́ kan àwọn tó ń jí ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí a bá já a lágbede méjì, gbogbo ilé kò ní lè dìde.

Ní àtijọ́, inú dísìkì ni àbùlẹ̀ ti ń wá. Ní 1998 ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ Windows Update, pẹ̀lú Windows 98. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, kí wọ́n tó gbé Windows 98 jáde fún títà, Bill Gates ń fi í han àwùjọ ní ìlú Chicago. Bí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ṣe so ẹ̀rọ kan mọ́ kọ̀ǹpútà náà ni ojú rẹ̀ di búlúù, tó sì dákú níwájú gbogbo èèyàn. Àwùjọ bú sẹ́rìn-ín. Bí irú rẹ̀ bá lè ṣe olówó ètò lójú ayé, kò yẹ kí ojú ti aránṣọ tó bá ṣẹlẹ̀ sí.

Ṣé kí a má gba àbùlẹ̀ mọ́ nígbà náà? Ìtàn dáhùn ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹjọ 2003, kòkòrò ayélujára kan tí wọ́n pè ní Blaster ń wọ inú kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ó sì ń mú kí wọ́n máa kú kí wọ́n sì máa tún ara wọn tàn. Àbùlẹ̀ tó lè dènà rẹ̀ ti jáde láti oṣù Keje, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò gbà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbùlẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ Túsìdeè kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, kí àwọn èèyàn lè máa múra sílẹ̀ dè é. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2017, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. WannaCry ti àwọn fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 pa ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó sì ní àfi kí àwọn olówó wọn san owó ìtúsílẹ̀. Àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dá àwọn aláìsàn padà sílé. Àbùlẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò fi ibì kan ṣe tiwa. Ní oṣù Kẹwàá 2018, Microsoft gbé ìmúdójúìwọ̀n ńlá kan jáde fún Windows 10. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan kígbe pé ó ti pa ìwé àti fọ́tò àwọn rẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà dá a dúró, ó tún un ṣe, ó sì tún gbé e jáde ní oṣù Kọkànlá.

Èyí tó tóbi jù ni ti ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024. Kì í ṣe àwọn tó ni ètò ìṣiṣẹ́ ló ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ olè, CrowdStrike, ló fi àbùlẹ̀ kékeré kan ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ń retí nǹkan 21, ṣùgbọ́n 20 ni ètò inú kọ̀ǹpútà ní láti fún un. Ó dà bí aránṣọ tó gé ihò bọ́tìnnì 21 sára ẹ̀wù tó jẹ́ pé bọ́tìnnì 20 péré ló wà fún un. Kọ̀ǹpútà Windows tí Microsoft fojú bù sí mílíọ̀nù 8.5 ló dákú. Bàálù kò gbéra, ilé-ìwòsàn àti ilé ìfowópamọ́ dúró. Láàárín ìṣẹ́jú 78, ilé-iṣẹ́ náà ti dá àṣìṣe rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kò lè jí kò lè gba àtúnṣe. Àwọn èèyàn ní láti máa lọ bá wọn níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jí wọn ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní safe mode, níbi tí ìwọ̀nba ètò tó ṣe pàtàkì nìkan ti máa ń jí, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn yọ fáìlì tó bà á jẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé àwọn tó tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe ní 2024 rí i ṣe nítorí pé wọ́n mọ ohun tó yí padà kẹ́yìn. Ẹnjiníà tiwa kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti purọ́ fún un.

Ní alẹ́ Tọ́sìdeè, mo bá màmá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti kó gbogbo àjákù ìwé tó lè rí jọ, ó ń gbìyànjú láti fi orí rántí iye tí èèyàn kọ̀ọ̀kan dá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo pa á nígbà tó ń ṣe update lọ́wọ́.” Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “O rí i pé mo ń wá ohun tó sọnù, o sì jókòó lé e.” Kò nà mí. Mo rò pé ìbá sàn kí ó nà mí.

Ní ọjọ́ Fúráìdeè, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹnjiníà: aago tó jẹ́, ìdá 30, bátìrì, bọ́tìnnì. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lánàá.” Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, ó yọ háàdì dísìkì rẹ̀, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì da àwọn fáìlì màmá mi kọ sórí fúláàṣì. Àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ láìyingin. Lẹ́yìn èyí ló dá dísìkì náà padà. Ó ní irú ètò ìṣiṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, bí kò bá lè jí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, á mú ojú ewé àtúnṣe wá fúnra rẹ̀. Lójú ewé yìí ló ti yan pé kí ó yọ ìmúdójúìwọ̀n tó gbà kẹ́yìn kúrò. Ó gbà tó wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà náà jí.

Ṣùgbọ́n ó jí bí ẹni tó ṣàìsàn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí ó tó ṣeé lò. Màmá mi ní, “Ẹ ò rí i pé update yẹn ti bà á jẹ́?” Olùkọ́ ìtàn wa máa ń sọ fún wa pé bí nǹkan kan bá tẹ̀lé òmíràn, kò túmọ̀ sí pé èyí tó ṣáájú ló fà á. Bóyá Ẹnjiníà náà ti jókòó sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ó béèrè pé, “Mọ̀mí, ṣáájú ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?” Màmá mi ronú. Ó rántí pé láti nǹkan bí oṣù kẹjọ, bí òun bá tan kọ̀ǹpútà, òun á ti dáná sí áyọ́ọ̀nù, á ti gbóná, kí kọ̀ǹpútà tó múra tán. Ìfalẹ̀ náà ti wà ṣáájú ìmúdójúìwọ̀n.

A wá wá ohun tó fà á. Àkọ́kọ́, dísìkì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Fíìmù tí mo kó sínú rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọwọ́ mi tún nìyẹn. Ìkejì, ètò mẹ́rìnlá ló ń jí fúnra wọn bí a bá ti tàn án, a kò sì lo ju mẹ́ta lọ nínú wọn. Ìkẹta, irú háàdì dísìkì tí àwo ti ń yí nínú rẹ̀ ni. Baba ńlá irú dísìkì yìí jáde láti ọwọ́ IBM ní 1956. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ó tóbi tó fíríìjì méjì, ohun tó sì lè gbà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún lẹ́tà lọ. Tiwa kéré, ó sì ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́: àwo gbọ́dọ̀ yí kí orí tó ń kàwé tó rí ohun tó ń wá. Irú ti òde òní, SSD, kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yá.

Mo pa fíìmù mi rẹ́. Ẹnjiníà dá ètò mọ́kànlá dúró kí wọ́n má máa jí fúnra wọn mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án di mẹ́rin. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ pín owó, kò sí ẹni tí owó rẹ̀ dín. Lẹ́yìn ọdún tuntun, màmá mi ra SSD, kọ̀ǹpútà náà sì ń jí báyìí kí èèyàn tó ka ọgbọ̀n. A tún fún un ní ìmúdójúìwọ̀n tí mo já lágbede méjì yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, a kọ́kọ́ da fáìlì kọ sórí fúláàṣì, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ó tún dúró pẹ́ ní ìdá 30. A fi í sílẹ̀, ó sì parí. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àbùlẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Aṣọ tí a kọ̀ láti lẹ̀ á ya tán lára ẹni, bí 2003 àti 2017 ṣe fi hàn. Àbùlẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò dáadáa náà lè fa aṣọ ya, bí 2018 àti 2024 ṣe fi hàn. Ohun tó lè gbà wá ni kí a ní ẹ̀dà ohun tó ṣe iyebíye sí wa níbòmíràn, kí a fún iṣẹ́ náà ní àkókò àti iná tó tó, àti pé bí nǹkan bá bàjẹ́, kí a sọ òtítọ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ti èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́ta dání.

Ìwé kékeré kan wà nínú àpò kọ̀ǹpútà màmá mi báyìí. Bí nǹkan kan bá yí padà nínú rẹ̀, a máa ń kọ ọjọ́, aago àti ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Harvard ṣe kọ ti àfòpiná wọn. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìlà àkọ́kọ́ inú rẹ̀: “Alẹ́ Wẹ́sídeè, aago mẹ́sàn-án kọjá. Èmi ni mo pa á nígbà tó ń gba àbùlẹ̀ lọ́wọ́.”